Honorine Atukọ̀ àti Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Já Sínú Òkun

Bí ènìyàn bá dé èbúté Villefranche nílẹ̀ Faransé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ohùn Honorine Barralis ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí i. Obìnrin kúkúrú tó síngbọnlẹ̀ ni. Oòrùn ti pa á láró títí ó fi dà bí ìṣù búrẹ́dì tó pẹ́ díẹ̀ nínú ààrò. Fìlà koríko tó ti ya létí ló máa ń dé, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni ra tuntun fún un.

"Ẹ máa bọ̀! Ẹ máa bọ̀ o! Wákàtí kan àbọ̀ péré! Ẹ ó rí ilé àwọn olówó láìjẹ́ pé ajá wọn gé yín jẹ!"

Àwọn àlejò yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò máa wọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì máa di ọwọ́ àwọn àgbàlagbà mú bí ẹni tó ń mú ìyàwó tuntun wọlé.

Ọkọ̀ náà kò tóbi. Igi ni wọ́n fi kàn án, ènìyàn méjìlá ló ń gbà, wọ́n kùn ún ní búlúù àti yẹ́lò, wọ́n sì kọ Marie-Colombe, orúkọ ìyá Honorine, sí i níwájú. Ọkọ̀ apẹja ni tẹ́lẹ̀. Toussaint, bàbá Honorine, ló fi ń pẹja kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá apá rẹ̀ ọ̀tún dúró. Honorine jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, ó ń lọ aṣọ ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Nice. Kò sí ọmọkùnrin nínú ilé. Ìyá ń sunkún pé kí wọ́n ta ọkọ̀ kí ó tó jẹrà sí èbúté.  Ní ọjọ́ kejì, Honorine wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ó fi okùn sán an mọ́ ìbàdí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi.

Àwọn apẹja rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ Toussaint, ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ kọ́ nìyí o! Bí ó ti wù kí o lọ̀ ọ́ tó, omi òkun kì í nà."

Honorine tú okùn ọkọ̀, ó ní, "Ẹnu yín ni mo máa kọ́kọ́ lọ̀, torí òun ló ká kò jù."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ara wọn.

Ó pẹja fún ọdún mẹ́ta. Ẹja ń dín kù, àwọn àlejò ń pọ̀ sí i. Bàbá rẹ̀, tó ń jókòó lórí àga létí èbúté láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ló pe àkíyèsí rẹ̀ sí i pé ẹja kan ò ní bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun, ṣùgbọ́n àwọn ará Paris ń bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Honorine ń gbé wọn yí etí òkun ká, tí ó ń fi àwọn ilé ńláńlá tó wà lórí àpáta hàn wọ́n. Bàbá ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa wí.

"Ẹni tó wá gbafẹ́ kò fẹ́ mọ iye yàrá tó wà nínú ilé," Toussaint a máa wí. "Ó fẹ́ mọ ẹni tó sunkún níbẹ̀."

Nínú gbogbo ìtàn tó kọ́ ọ, ti Ilé Mirandole ló dùn jù. Ilé funfun ni, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, àtẹ̀gùn òkúta sì ti ọgbà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wọ inú omi. Ìyá ilé náà, gẹ́gẹ́ bí Toussaint ti sọ, ní ìlẹ̀kẹ̀ péálì mẹ́tàléláàádọ́rin lọ́rùn. Olólùfẹ́ rẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò fi ọkọ̀ wá gbé e. Ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin kò wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, obìnrin náà dúró lórí àtẹ̀gùn, ó fa ìlẹ̀kẹ̀ já, ó sì kó gbogbo rẹ̀ dà sínú òkun. Bí Honorine bá dé ibi yìí, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò jẹ́ kí omi máa gbá ara ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, yóò wá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Bí òkun bá pa rọ́rọ́, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń dán nísàlẹ̀." Gbogbo èrò yóò bẹ̀rẹ̀ wo omi. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi sọ ìtàn yìí, òun fúnra rẹ̀ ṣì máa ń bá wọn wo ìsàlẹ̀ omi.

Baptistin, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí gbogbo èbúté ń pè ní Titin, jí ìtàn náà gbé. Titin ra ọkọ̀ ńlá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ó gbé gbohùngbohùn sí i, ó sì fi àtúnṣe tirẹ̀ kún un: nínú tirẹ̀, obìnrin náà fò tẹ̀lé ìlẹ̀kẹ̀ sínú omi.

"Titin, ta ló sọ fún ọ pé ó bẹ́?" Honorine bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ọjà ni kí ẹ bínú sí. Kò sí ẹni tó kú nínú tiyín. Òkú ló ń tà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà, ìyá àgbà kan tó gbé báàgì pupa lọ́wọ́ tó sì ń tẹ̀ sórí ọ̀pá wọ ọkọ̀ Honorine. Ó jókòó síwájú pátápátá, ó kọjú sí afẹ́fẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ Ilé Mirandole, Honorine pa ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí obìnrin náà ti fa ìlẹ̀kẹ̀ já ni ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹnu lásán. Ó gbá ikùn mú, omijé ń jáde lójú rẹ̀. Gbogbo èrò yíjú sí i. Honorine gé ìtàn náà kúrú, ó tan ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ sì le títí wọ́n fi padà dé èbúté.

Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, ó ku ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Honorine wí, "kí ló pa yín lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́?"

"Má bínú, ọmọ mi. Ọkùnrin tí o ní ó ń retí yẹn ni. Ọkùnrin wo? Ọkùnrin kankan ò sí ńbẹ̀. Èmi ni mo wà ńbẹ̀."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi Mafalda Ghersi, ará Ventimiglia ní Ítálì, tó dé sọ́dọ̀ ọmọ àbúrò mi ní Beaulieu. Èmi ni mò ń fọ aṣọ nílé yẹn, lọ́dún mẹ́tàlélọ́gọ́ta sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Màdáàmù, ìyá ilé náà, ti pé méjìléláàádọ́ta, kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ó sì ń wo òkun láti ojú fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀ ní ìwà àwọn ọmọ apẹja ni kí èèyàn máa bọ́ sómi. Ló bá ní kí n kọ́ òun níkọ̀kọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn."

Honorine di okùn ọkọ̀ mú. 

"Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti òde ijó dé, ó gbàgbé bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Mo gbá a nínú mú lábẹ́ omi, mò ń pariwo, 'Ẹ na ẹsẹ̀, Màdáàmù, ẹ na ẹsẹ̀!' Ó na ẹsẹ̀, ìka mi kọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ó já! Gbogbo rẹ̀ fọ́n ká. Mo ní, Mafalda, ìwọ àti iṣẹ́ pínyà lónìí. Mo gbójú sókè, obìnrin yìí ló ń rẹ́rìn-ín! Ó mu omi òkun, ó hú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. 'Mafalda, ọrùn mi fúyẹ́!' Ohun tó wí nìyẹn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bèèrè ìlẹ̀kẹ̀, ó ní inú ló bí òun lòún fi sọ ọ́ sómi. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ọkọ pe òun ní oníbìínú ju kó gbọ́ pé òun ń lúwẹ̀ẹ́ kó sì tilẹ̀kùn mọ́ òun. Alásè gbọ́ ọ. Láti ẹnu alásè ó dé ìsọ̀ ẹja. Bó ṣe débí nìyẹn."

"Bàbá mi ló sọ ìtàn yẹn fún mi," Honorine wí. "Bàbá mi kì í ṣe òpùrọ́."

"N ò pè é bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kú ìgbafẹ́ o, Ìyá." Honorine bá kọ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìjókòó tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó dé ilé lọ́sàn-án, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀. Fulgence ni orúkọ ọkùnrin náà, oníbúrẹ́dì ni, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, á ba ibi tó yẹ kó bà.

"Obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, o kọ̀yìn sí i?"

"Ó ba ìtàn bàbá mi jẹ́!"

"Honorine, kì í ṣe irọ́ bàbá rẹ ló ń dùn ọ́." Fulgence gé búrẹ́dì, ó tì í sí iwájú rẹ̀. "Ohun tó ń dùn ọ́ ni pé ìtàn ìyá yẹn dùn ju tìrẹ lọ."

Honorine dìde, ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ṣe tán níṣẹ́, ó wá Fulgence lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ ti di páì elẹ́fọ̀ọ́ kan sínú bébà sílẹ̀ dè é. Honorine gbé e, ó rìn lọ sí Beaulieu, níbi tí Mafalda dé sí lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Mafalda ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

"Ìyá, mo wá tọrọ àforíjì. Ẹ̀yìn tí mo kọ sí yín kò dáa."

"Kí ló wà nínú bébà?"

"Páì elẹ́fọ̀ọ́ ni. Ọkọ mi ló ṣe é."

"Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Wọlé."

Wọ́n jẹun. Mafalda bi í bóyá ó ti wọ inú Ilé Mirandole rí. Honorine ní rárá, ọdún mọ́kàndínlógójì lòún ti ń wò ó láti orí omi nìkan.

"Ọdún mọ́kàndínlógójì! O dà bí ẹni tó ń bu ọbẹ̀ fún gbogbo ìlú, tí kò tọ́ ọ wò rí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀."

"Ta ni yóò wa ọkọ̀ mi lọ́la?"

"Kó sinmi. Igi ni. Kò ní bínú."

Bẹ́ẹ̀ ni Honorine ṣe pa iṣẹ́ jẹ nínú oṣù kẹfà, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Mafalda ní àwọn kò ní lọ sí ilé náà lófìfo, àfi kí àwọn kọ́kọ́ gbafẹ́ dáadáa. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Menton. Honorine jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Òkun ń yọ, ó ń sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta, ó tún ń yọ. Gbogbo àpáta àti gbogbo ihò tó mọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń rí wọn láti ẹ̀yìn báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí àtẹ́lẹsẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀ pé inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní Menton wọ́n lá áísìkiriìmù ọsàn kíkan, wọ́n sì gun àtẹ̀gùn lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì, Mafalda ń fi ọ̀pá ka àtẹ̀gùn náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta káàdì alàwòrán wo fìlà koríko Honorine.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ káàbọ̀ o. Ìlú wo lẹ ti wá?"

Honorine yanu, ó fẹ́ sọ òótọ́. Ó wá ní, "Òkèèrè ni, ọmọ mi. Òkèèrè gidi." Mafalda fún un ní ìgúnpá lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ra káàdì mẹ́ta.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n dé Ilé Mirandole. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bí gbogbo ènìyàn. Àwọn àlejò ń wo àga oníwúrà tí wọ́n fi okùn yí ká, Mafalda kò wo ọ̀kankan. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó ìkòkò òdòdó sí.

"Yàrá ìfọṣọ rèé. Ibí ni mo máa ń dúró sí." Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá iná gígùn kan wà lápá rẹ̀. "Irin gbígbóná. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

Honorine ká ọwọ́ aṣọ tirẹ̀ náà sókè, ó fi àpá kan hàn án lókè ọrùn ọwọ́. "Òtẹ́ẹ̀lì, ní Nice. Ọjọ́ kẹta."

Wọ́n dúró báyẹn díẹ̀, apá ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá èkejì. 

Wọ́n jáde sínú ọgbà tó kọjú sí òkun. Honorine rí omi tirẹ̀ nísàlẹ̀, ibi tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì sí gan-an. Bí ó ti ń wò ó ni ọkọ̀ gíláàsì Titin yọ. Gbohùngbohùn ń dún títí dé orí àpáta: "...obìnrin arẹwà náà wo òkun, ó pe orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì fò!"

Mafalda fi ọ̀pá sílẹ̀, ó rọ̀ mọ́ òkúta ọgbà. "Irọ́ ni! Kò bẹ́ o! Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún!"

Titin gbójú sókè. Ó gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun. "Ẹ̀gbọ́n Honorine? Kí lẹ ń ṣe lókè yẹn?"

"Mò ń gbafẹ́!" Honorine dá a lóhùn.

Gbogbo èrò ọkọ̀ Titin pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré náà ni.

Wọ́n wá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta, díẹ̀díẹ̀, títí dé ibi tí omi ti ń lá òkúta. Mafalda bọ́ bàtà, ó bọ́ aṣọ òkè, ó ku ṣẹ́mísì, ó sì wọ omi bí ẹni tó ń wọ yàrá rẹ̀.

"Máa bọ̀."

"Ìyá, n ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́."

Mafalda yíjú padà. "Ìwọ atukọ̀?"

"Kò sí apẹja kan nílé wa tó mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀." Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí yàtọ̀ sí Fulgence. Ojú ara rẹ̀ tì í, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó dúró lórí àtẹ̀gùn bí ọmọdé tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́.

"Bàbá rẹ gbọ́n," Mafalda wí. "Ṣùgbọ́n ó ti lọ sinmi, òkun sì pa rọ́rọ́ lónìí. Bọ́ aṣọ."

Honorine bọ́ aṣọ. Omi tutù dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé àyà. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà náà wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ọwọ́ tó rọ̀ tí kò sì gbọ̀n. "Na ẹsẹ̀. Má bá omi jà, kò bá ọ jà. Na ẹsẹ̀!" Honorine na ẹsẹ̀. Fún ìgbà tí kò ju ìmí mẹ́rin lọ, omi tó ti ń gùn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gbé e. Ó la ojú, ó rí ìsàlẹ̀: òkúta, koríko omi, ẹja kékeré kan tí kò kà á sí. Kò sí péálì kankan. Ó dìde, omi ń ro lára rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ti ń sáré bọ̀. "Ẹ̀yin ìyá! Wọn kì í wẹ̀ níbí! Ẹ ò rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni?"

"Ọmọ, mo ti ń wẹ̀ níbí kí wọ́n tó bí bàbá rẹ," Mafalda wí. "Na ọwọ́ wá, fà wá sókè."

Ó sì fà wọ́n sókè.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Honorine pa ẹ́ńjìnnì sí abẹ́ Ilé Mirandole, ó sì sọ ìtàn méjèèjì. Ó ní, "Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi rèé," ó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Bí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe sọ ọ́ rèé." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kánjú, ó ṣìsọ. Ọkùnrin ará Paris kan ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Nítorí náà, kò sí ẹni tó kú?"

"Kò sí."

"Olólùfẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí. Ọkọ rẹ̀ wà lókè, ó ń hanrun."

Ojú ọkùnrin náà fà ro. Ṣùgbọ́n obìnrin méjì tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan ní kí wọ́n di òun mú kí òun má bàa ṣubú sómi. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi dé, àwọn obìnrin ti ń wá sí èbúté tí wọ́n ń bèèrè ọkọ̀ ìyá tó ń sọ ìtàn òmùwẹ̀. Titin náà wá bá a, ó ń họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn èrò mi ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni obìnrin yẹn ò kú. Kí ni kí n wí?"

"Sọ fún wọn pé o fi ọkọ̀ gíláàsì rẹ gbé e jáde."

Gbogbo ọjọ́ Ajé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, ní kùtùkùtù, Mafalda ń kọ́ ọ ní etí òkun kékeré tó wà nísàlẹ̀ ibùdókọ̀ ojú irin. Kò di òmùwẹ̀ ńlá. Ó lè lọ dé ibi tí omi ti mù ún dé ọrùn kó sì padà, ìyẹn sì tó o. Nígbà tí Mafalda padà sí Ventimiglia nínú oṣù kẹwàá, Honorine ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a lọ́jọ́ Ajé. Wọn á jókòó nídìí sítóòfù, wọn á máa sọ̀rọ̀ àwọn màdáàmù tí àwọn méjèèjì ti lọ aṣọ fún, aṣọ ta ló dára, ta ló dọ̀tí lábẹ́lẹ̀.

Mafalda kú ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, nínú oṣù kejì, nígbà tí igi mìmósà ti ń yọ òdòdó yẹ́lò lórí òkè. Fulgence ti ṣọ́ọ̀bù, ó di búrẹ́dì ogún sínú àpò, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ síbi ìsìnkú náà. Nígbà tí àlùfáà bèèrè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òkú, Honorine dìde. Ó fi ohùn èbúté sọ̀rọ̀, nítorí kò ní òmíràn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ̀n rìrì. Ó sọ nípa ìlẹ̀kẹ̀, ó sọ nípa ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Àwọn ìyá àgbà Ventimiglia tí kò gbọ́ ju ìdajì èdè rẹ̀ lọ ń rẹ́rìn-ín sínú áńkáṣíìfù, àlùfáà sì wo aago lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin padà. Fulgence sùn lọ sí èjìká rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá Menton. Honorine kò jí i. Ọdún Àjíǹde kò jìnnà mọ́, àwọn àlejò ń bọ̀, ó sì ń rò ó lọ́kàn bóyá kí òun tún ọkọ̀ kùn ní búlúù kan náà tàbí kí òun jẹ́ kó dúdú díẹ̀ lọ́dún yìí.